Àmì Dúdú Lára Tìmùtìmù

Iyàrá iwájú ilé ni Bàbá Onítìmùtìmù ti ń fi aṣọ tuntun bo àga àlòkù fún títà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ rí i tí nǹkan dúdú tò lójú rírán tìmùtìmù kan bí ẹ̀kán yíǹkì.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí nìyí?"

"Tíì ló dà sí i. Aṣọ á bò ó."

Aṣọ bò ó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìdun fi kún bẹ́ẹ̀dì àbíkẹ́yìn wọn obìnrin. Ọmọ ò sùn, ìyá ò sùn. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà, àmọ́ sùúrù kì í pẹ́ nílé tí wọn ò ti rí oorun sùn. Bàbá ra oògùn kòkòrò oko, ó dà á sí bẹ́ẹ̀dì, ó ti fèrèsé pa. Lọ́sàn-án, ọmọ tó ti rẹ̀ lọ sùn síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi jí i, itọ́ ti ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò lè mí dáadáa.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ atẹ́gùn sí ọmọ nímú, ó wá yíjú sí wọn.

"Ẹ ò rí àmì ìdun kankan tẹ́lẹ̀ ni?"

"A rí nǹkan dúdú," ìyá dáhùn. "Bàbá wọn ní tíì ni."

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ìdun ni, mà. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mu. Tó bá yó, ikùn ẹ̀ á wú, kò ní lè rìn dáadáa. Ara ẹ̀ á wá tú nǹkan tá à ń pè ní họ́mọ̀nù jáde, tó máa sọ fún ibi tó ń ṣe ìtọ̀ pé kó da omi nù kíá. Tí omi bá ti dín tó, họ́mọ̀nù mìíràn á wá sọ pé ó tó, kó má baà gbẹ."

"Ìdun lásán mọ ìgbà tó tó," Bàbá wí. "Èmi ò mọ̀ ọ́n." Ó bú sẹ́kún.

"Ẹ máa yẹ ojú rírán wò, bàbá. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ ibùsùn, kẹ́ ẹ sì pe àwọn tó mọṣẹ́ ìdun pípa. Oògùn oko, oko ni kó máa gbé."

Ọmọ ò kú, a dúpẹ́. Bàbá wá ń lọ láti ilé oníbàárà kan sí èkejì, ó ń tú àṣírí ara rẹ̀ pé ìdun lè wà lára àga tóun tà fún wọn. Àwọn kan bú u, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ bá rí àmì dúdú lára àga tàbí ibùsùn, ẹ má bò ó, ẹ má sì da oògùn oko sí i. Ọmọ yẹn ti padà sílé, àmọ́ nítorí oògùn náà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n tó bá gbé ife omi.