Ohun Tí Bàbá Mi Kò Pè Ní Oúnjẹ

"Bàbá, ẹ ti jẹun?"

"N kò tíì jẹun. Iyán ni mo ń dúró dè."

Bí èmi àti bàbá mi ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù nìyẹn lójoojúmọ́, fún oṣù mẹ́rin gbáko. Èmi, Ayọ̀kẹ́mi, olùkọ́ ni mí ní Egbe. Kabba ni bàbá mi, Josiah, wà pẹ̀lú ìyá mi. Àgbẹ̀ ni, àrùn àtọ̀gbẹ sì ti wà lára rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà.

Egbò kékeré kan ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Bàtà oko ló ha á lábẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, Ọpẹ́dayọ̀, kò fi bọpo bọyọ̀. Ó ní bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bàbá kò bá wálẹ̀, egbò náà kò ní jinná, ẹsẹ̀ sì lè bá a lọ.

"Oògùn nìkan kò tó," ó ní. "Ẹ máa kọ oúnjẹ wọn sílẹ̀ lójoojúmọ́, ká lè mọ iye tí wọ́n ń jẹ."

Èmi tí mo kàwé ni mo gba iṣẹ́ náà. Mo wá ápù kan sórí fóònù mi, èyí tó ń ṣírò kálórì, ìyẹn agbára tó wà nínú oúnjẹ. Ó tún ń pín oúnjẹ sọ́nà mẹ́ta: afáralókun bí iṣu, gàrí àti ìrẹsì, amáradàgbà bí ẹja, ẹ̀wà àti ẹyin, àti ọ̀rá bí epo. Kí n má parọ́, mo fi ápù náà yangàn. Mo ń fi í han àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi.

Ìyá mi gbìyànjú tirẹ̀. Iyán bàbá tó máa ń tóbi bí orí ọmọ tẹ́lẹ̀ kò ju ìkúùkù rẹ̀ lọ mọ́. Ní alaalẹ́, mo ń kọ iyán, ọbẹ̀ àti ẹja sínú ápù, ápù sì ń sọ fún mi pé ohun tí bàbá ń jẹ kéré jọjọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo pe bàbá mi, mo ní, "Ẹ máa fi díẹ̀ kún iyán yẹn. Oúnjẹ yín ti kéré jù." Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Ṣúgà kò wálẹ̀. Ọpẹ́dayọ̀ bi mí pé, "Ṣé gbogbo ohun tí wọ́n ń jẹ lẹ ń kọ?"

"Gbogbo ẹ̀ ni," ni mo dá a lóhùn. Mo tilẹ̀ bínú. Mo ní oògùn ni kò dáa. A pààrọ̀ oògùn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tún lọ lórí ìyẹn, ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú.

Ní ọsibítù tí a gbé e lọ, Ọpẹ́dayọ̀ wá kí i. Ó fa àga sún mọ́ ibùsùn.

"Okun o, Bàbá," ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kabba. "Bí ẹ bá jí láàárọ̀, kí ló máa ń kọ́kọ́ kan ẹnu yín?"

"Ògì," ni bàbá mi sọ. "Àti àkàrà."

"Tí ẹ bá dé oko ńkọ́?"

"Èmi àti Boaz tí oko wa jọ pààlà, a máa ń sun iṣu. Kò pọ̀. Odidi kan lè kàn mí. Epo la fi ń jẹ ẹ́."

"Tí oòrùn bá mú?"

"Gàrí tútù ni, pẹ̀lú ẹ̀pà."

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún Ayọ̀kẹ́mi?"

Ó wò mí, ó yà á lẹ́nu gan-an. "Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. N kò sì tíì jẹun. Ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wa.

Bàbá mi kò parọ́ fún mi. Bí wọ́n ṣe tọ́ òun àti ìyá mi nìyẹn, bí àwọn náà sì ṣe tọ́ mi nìyẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo lè jẹ ẹ̀wà yó bámúbámú, kí n tún sọ pé n kò tíì jẹun, nítorí a kò tíì gún iyán. Mo mọ àṣà yìí dáadáa. N kò kàn rò ó ni, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀ báyìí, nítorí ìyá mi ń kọ ohun gbogbo sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni bàbá mi ń jókòó sí, Boaz ló sì ń bá a ro oko.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú alátọ̀gbẹ, ẹ jọ̀ọ́, ohun tó bá ti gba ẹnu kọjá, oúnjẹ ni. Iṣu sísun, gàrí, ẹ̀pà, ẹmu àti mínírà, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ ní kété tí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ tàbí mu ún. Ápù dára, àmọ́ ohun tí ẹ bá sọ fún un ló mọ̀. Ìwé àti bírò náà tó. Ẹ fi ìkúùkù, ìgbakọ tàbí ife wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì gbé àkọsílẹ̀ náà lọ bá nọ́ọ̀sì. Nínú àwo, ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì, kí ẹja tàbí ẹ̀wà gba ìdá kan nínú mẹ́rin, kí iyán gba èyí tó kù. Kí ẹni tí wọ́n jọ ń lọ oko náà mọ̀ sí i.

Ẹ má sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Ẹ bi wọ́n pé, "Kí ló ti kan ẹnu yín láti àárọ̀?" Nígbà tí mo gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu Ọpẹ́dayọ̀, ìwé tí mo máa fọwọ́ sí kí wọ́n lè gé ẹsẹ̀ bàbá mi ti wà lọ́wọ́ mi.