Àmín Abẹ́ Àga Ìwàásù

Obìnrin náà dúró sórí àpótí tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó na ọwọ́ sí àwọn ìjókòó tó ṣófo, ó ń wàásù bí ẹni tí iná ń jó nínú egungun rẹ̀. Àpótí ló gùn, nítorí obìnrin kì í gun àga ìwàásù nínú ìjọ náà. Aránṣọ ni, òwú ṣì so mọ́ apá aṣọ rẹ̀. Kò mọ̀ pé káfíńtà wà lábẹ́ àga ìwàásù, tó ń tún ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ikán ti jẹ ṣe.

Káfíńtà rọra gbé òòlù sílẹ̀. Nígbà tí ìwàásù parí, kò mọ ìgbà tó pariwo, "Àmín!"

Obìnrin náà fò sílẹ̀. "Ta nìyẹn?"

"Ìjọ yín ni, mà. Ẹnì kan péré ló wá lónìí."

"Ìjọ wo ló ń wà lábẹ́ àga? Ẹ gbọn èérún pákó kúrò lórí yín kí ẹ tó ṣe àmín."

Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Káfíńtà a máa kó aṣọ tí kò ya lọ fún un pé kó bá òun tún un rán. Ó ń pè é ní Oníwàásù mi. Òun náà ń pè é ní Ìjọ mi. Tó bá jókòó pẹ́ jù, aránṣọ á ní, "Ìjọ mi, ìsìn ti parí. Ẹ máa lọ ní àlàáfíà."

Nígbà tó yá, aránṣọ sọ fún àwọn alàgbà nínú yàrá ìpàdé wọn pé Ọlọ́run pe òun láti wàásù. Òfin ìjọ ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ dìde jẹ́rìí sí irú ìpè bẹ́ẹ̀. Bàbá káfíńtà ni olórí alàgbà.

"Obìnrin tí ọmọ mi bá fẹ́ mú wọlé mi, inú ilé ni yóò ti máa wàásù," ni bàbá wí. "Ó dáa, ẹlẹ́rìí dà?"

Aránṣọ wo ojú káfíńtà. Káfíńtà wo ilẹ̀. Ó rò pé bí òun bá dákẹ́, òun yóò rí ìyàwó, òun yóò sì rí ojú rere bàbá. Ẹni tó lé eku méjì, òfo ló ń mú bọ̀.

Níta, aránṣọ ní, "O ṣe àmín nígbà tí ẹnikẹ́ni ò rí ọ."

"Olólùfẹ́ mi, mo fẹ́ kí inú bàbá kọ́kọ́ rọ̀ ni. Tí a bá ti fẹ́ra tán..."

"Tí mo bá gbé ìpè mi jù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ, ta lo máa bá nínú ilé?"

Ó lọ. Ìjọ kékeré kan ní òdìkejì ìlú gbà á. Káfíńtà kan ibùsùn fún ọkọ ìyàwó oríṣiríṣi, kò kan tirẹ̀.

Irun rẹ̀ ti ń funfun kó tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi obìnrin náà jẹ àlùfáà, àti pé ìjọ náà ò ní àga ìwàásù. Ó kan ọ̀kan, ó gbé e ránṣẹ́, ó sì lọ jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ náà.

Obìnrin náà gun àga. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí pákó gẹ́lẹ́, bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Ó wo ìjọ. "Ta ló wọ̀n mí?"

Káfíńtà dìde lẹ́yìn. "Ojú mi ni, mà." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rí ni mo wá jẹ́. Ọlọ́run pè yín. Etí mi gbọ́ ọ. Èmi ni mo dákẹ́."

Lẹ́yìn ìsìn, obìnrin náà na ọwọ́, ó gbọn èérún pákó kúrò lórí káfíńtà. "Ìjọ mi, o pẹ́ dé."

"Mo mọ̀. Ṣé àyè ṣì wà?"

"Ìyá mi tó fẹ́ jó níbi ìgbéyàwó mi ti lọ sọ́run. Ọmọ tí à bá bí..." Ó fa àga kan sún mọ́ ọn. "Jókòó."

Iwájú àga ìwàásù yẹn ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Láti ìgbà náà, iwájú pátápátá ni káfíńtà ń jókòó, àmín rẹ̀ a sì máa ta àwọn ọmọdé jí lójú oorun. Obìnrin náà a máa rẹ́rìn-ín sí i láti òkè. Ṣùgbọ́n bó ti wù kó pariwo tó, àmín náà ò dé yàrá ìpàdé àwọn alàgbà, níbi tó ti dákẹ́, mọ́.