Àfẹ́sọ́nà Mi Dé Lọ́sàn-án Gangan

Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ bá mi sọ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún aago ṣe ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè mú kí aago yìí máa ka wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́?"

Mo wò ó títí. "Ọ̀gá, mẹ́rìnlá tó kù ńkọ́? Ta lẹ fẹ́ kó o fún?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Òǹtẹ̀wé ni, kàlẹ́ńdà ló ń tẹ̀ níbi iṣẹ́. Tó bá délé, ó ń tọ́jú ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó dá lórí àwọn kàlẹ́ńdà míì: èyí tó ní oṣù mẹ́tàlá, èyí tí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá, àti ọjọ́ tí wọ́n pín sí wákàtí mẹ́wàá péré. Àwọn tó ń kà á ò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ̀wé sí i, ó sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo pààrọ̀ àwọn irin eléyín tó ń yí ọwọ́ aago náà, mo kun ojú tuntun fún un. Kí n tó parí, ìfẹ́ rẹ̀ ti kó sí mi lórí.

Nígbà tó ní òun fẹ́ fi mí ṣaya, màmá mi, aránṣọ tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ni wọn ò gbà.

"Ẹni tí kò mọ iye aago tó lù ló fẹ́ tọ́jú ọmọ mi? Kó wá lọ́jọ́ Àìkú, aago márùn-ún. Tí kò bá ti ìkànnì yẹn pa, kò sí ìgbéyàwó."

Mi ò lè fi í sílẹ̀, mi ò sì lè fẹ́ ẹni tí màmá mi ò fọwọ́ sí. Mo kọ ohun tí Màmá wí ránṣẹ́ sí i lórí ìkànnì rẹ̀, níbi tí a ti máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe. Wákàtí mẹ́wàá là ń kà níbẹ̀, aago márùn-ún ibẹ̀ sì ni ọ̀sán gangan.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, mo jáde lọ ra ohun mímu. Nígbà tí mo padà, àfẹ́sọ́nà mi ti wà lórí àpótí nínú pálọ̀, ó di etí aṣọ mú fún Màmá. Màmá wà nínú aṣọ iṣẹ́, òwú lẹ̀ mọ́ wọn lára.

"Ó ní aago márùn-ún ti lù," ni Màmá wí. "Mo ní, ní ìlú ta ni? Mi ò bá lé e jáde, àmọ́ mo rántí bàbá rẹ, kí ilẹ̀ dẹ̀ fún un. Kò dé ibì kankan lákòókò rí."

"Ìkànnì náà ńkọ́, Mà?"

Olólùfẹ́ mi ló dáhùn. "Mo ti sọ fún Màmá pé mi ò ní tì í. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé sí mi ò rí ẹlòmíì tí wọ́n lè bá sọ ọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, ìyàwó mi lọ́la, àmọ́ mi ò fẹ́ fi irọ́ fẹ́ ọ."

Màmá fa tépù kúrò lọ́rùn, wọ́n yí i padà.

"Ojú kan, ínṣì. Ojú kejì, sẹ̀ǹtímítà, mẹ́wàá-mẹ́wàá. Tí mo bá fi méjèèjì wọn aṣọ kan, ṣé aṣọ náà á gùn sí i?"

"Rárá, Mà," ni mo dáhùn.

"Ohun tó ń ṣe fún ọjọ́ nìyẹn. Kí ló dé tí o ò ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ìwọ ọmọ yìí? Mo gbà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bímọ, aago tiwa lẹ máa fi fún un lóúnjẹ."

Ayọ̀ pa mí lẹ́kún.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, àwọn òǹkàwé ìkànnì náà wá láti ọ̀nà jíjìn, àwọn tí kò rí ara wọn rí. Bí wọ́n ṣe kéré tó, àwọn ni ariwo ayọ̀ wọn ga jù. Màmá wò wọ́n, wọ́n fọwọ́ kan ọkọ mi léjìká.

"Ká ní o gbọ́ tèmi, tí o ti ìkànnì yẹn pa," ni wọ́n wí, "mi ò bá ti lé àlejò ọmọ mi dànù."