Ìyẹ́ Tó Tàn Lábẹ́ Iná Búlúù

"Mo ní pẹ́pẹ́yẹ ni!"

"Àwòdì ni! Simon, ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni?"

"Orí ẹ̀ dà? Fi orí àwòdì hàn mí!"

Lóòótọ́, kò sí orí níbẹ̀. Ìyẹ́ méjì péré ni wọ́n fi òwú funfun rán sára èkísà kékeré tí wọ́n ń jà lé lórí, adé kékeré wà láàrin, ẹyẹ kankan ò sí. Irú ìyẹ́ tí àwọn òyìnbó tó ń wa bàálù nígbà ogun Hítílà máa ń rán mọ́ àyà ni. Josiah, tó ń ta òkìríkà ní Ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́, ló ń kó wọn jọ. Kò ní ọlọ́run míì. Inú agolo bisikíìtì ló ń tọ́jú wọn sí, á sì kí wọn káàárọ̀ kó tó kí ìyàwó ẹ̀.

Simon tí wọ́n jọ ń jà yìí, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni, onígbàjámọ̀, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní, "Josiah, ìyẹ́ tí ò lẹ́yẹ ò lè gbéèyàn dé ọ̀run. Jésù..."

"Ọ̀rọ̀ àwòdì là ń sọ!"

Josiah kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni parí ọ̀rọ̀. Àìsàn tó ń ṣe é nìyẹn, wọn ò sì ta oògùn ẹ̀ ní kẹ́míìsì.

Òyìnbó kan tó wá ra ìyẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní 1986 ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ ojúlówó. Ó ní, "Gbé e sábẹ́ iná búlúù tí wọ́n ń tàn nílé ijó. Òwú àtijọ́ kì í tàn. Èyí tó bá tàn, ayédèrú ni. Àfi tí..."

Josiah ti dìde. Ó ti gbọ́ tán.

Látìgbà náà, tó bá ti rí ìyẹ́ kan, ó di òtẹ́ẹ̀lì kan lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́sàn-án gangan. Á ní kí Blessing tó ń ta ọtí níbẹ̀ ti gbogbo fèrèsé, kó tan iná búlúù. Kò ní ra nǹkan kan. Á wá da àyà dé tábìlì, á máa wo èkísà. Àwọn ọ̀mùtí ní èyí ti yó láti ilé wá.

Ọmọ Ìkòyí-Ilé ni Dorcas, ìyàwó ẹ̀. Bàbá Dorcas tó ti kú ló dáná fáwọn awakọ̀ bàálù nígbà ogun, ọ̀kan nínú wọn sì já ìyẹ́ àyà ẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kan Dorcas kúnlẹ̀, ó gbé ìyẹ́ náà fún ọkọ ẹ̀.

"Ẹ gbà. Ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀ nìyí. Ẹ̀yin lẹ mọyì ẹ̀."

Josiah gbé e sábẹ́ iná. Ó tàn bí ojú ológbò.

Àárín ọjà ló ti bú u. "Ayédèrú! Òpùrọ́ ni bàbá ẹ! Òpùrọ́ ló bí ẹ!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé..."

Josiah ṣá ìṣáná. Simon sáré jáde ní ìsọ̀ ẹ̀, abẹ lọ́wọ́, ó fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú ààbọ̀ irùngbọ̀n. "Josiah, má jó o! Jẹ́ kí ìyàwó ẹ sọ̀rọ̀!"

Ìyẹ́ jóná. Josiah ní òun ò níyàwó nílé òpùrọ́ mọ́. Dorcas di ẹrù ẹ̀, ó padà sí Ìkòyí-Ilé.

Ó lé lọ́dún kan kí Josiah tó tún gbé ìyẹ́ míì lọ bá Blessing. Ooru mú. Ó fa áńkáṣíìfù yọ kó nu ojú. Áńkáṣíìfù tàn! Ó ta gìrì. Ara aṣọ funfun ìyá ẹ̀ ló ti gé e, aṣọ tí ìyá náà ti ń wọ̀ kí Hítílà tó dá ogun sílẹ̀: òwú àtijọ́ ni, kò yẹ kó tàn.

Blessing bú sẹ́rìn-ín. "Dádì, ọṣẹ ómò ni. Aṣọ funfun tí wọ́n bá ti fi ómò fọ̀, á tàn ni. Ẹ wo síńgílẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà wa."

Josiah jókòó. Ó wá rántí Dorcas lẹ́yìnkùlé, lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kó kúnlẹ̀. Abọ́ kékeré wà níwájú ẹ̀, ìfóòfóò ómò bo ọrùn ọwọ́ ẹ̀, ó ń kọrin. Ìyẹ́ bàbá ẹ̀ ló ń fọ̀, kó lè mọ́ lójú ọkọ ẹ̀. Ìfẹ́ ló tàn lábẹ́ iná. Josiah pè é ní irọ́, ó sun ún níná.

Ó wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó tún wọ ti Ìkòyí-Ilé. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń to ẹ̀bẹ̀ jọ. Ẹ̀gbọ́n Dorcas ló bá níwájú ilé.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ ni mo wá bá Dorcas sọ."

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí koríko ti hù sórí ilẹ̀ tó ga díẹ̀. "Ibà ló pa á. A ò ránṣẹ́ sí ẹ. Ìwọ náà lo ní o ò níyàwó níbí." Ó dìde, ó gbé àga ẹ̀. "Sọ ọ̀rọ̀ ẹ. Kò ní já lù ẹ́ lẹ́nu."

Josiah fi ọwọ́ kan koríko náà, ó yí padà sójú títì.

Ó padà sí Ọ̀yọ́, ó gba ìsọ̀ Simon lọ. "Simon, ẹ̀mí mi ti tán. Parí ọ̀rọ̀ tó o fẹ́ sọ lọ́jọ́sí."

Simon gbé abẹ sílẹ̀, ó parí ẹ̀. Ó ní Jésù mọ ẹ̀yìn wa bó ṣe mọ iwájú wa, síbẹ̀ ó kú fún wa. Josiah kúnlẹ̀ sínú irun tí wọ́n gé sílẹ̀. "Olúwa, èmi ni ayédèrú. Fọ̀ mí."

Jésù gbà á. Àmọ́ Dorcas ò jí, ìyẹ́ ò kúrò ní eérú, ẹ̀bẹ̀ yẹn sì wà lọ́fun ẹ̀ dòní. Ó di ọjọ́ àjíǹde.

Ìwọ tó ń kà á, ìwọ náà ń kọ́? Ta lo já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀? Mo mọ̀ pé o ti ní èsì lẹ́nu: o ní o ò kó ìyẹ́ jọ, o ò jó nǹkan oníǹkan, o ní ó di ọ̀la. Ọ̀la ni Josiah náà gbé ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ lọ, sàréè ló bá. Ronú pìwà dà lónìí, níbi tó o dúró sí yẹn. Jésù ṣì ń sọ̀rọ̀, jẹ́ kó parí...

Áà, o ti ká ìwé? Mi ò tíì ṣe tán o!

Ẹ wo òǹkàwé mi, ó ti ki ìwé bọ àpò. Ó ti ń sọdá títì lọ, ó ń mi apá méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jàre.