Pákó Tó Ń Dáhùn

Pákó náà dáhùn kí agbẹ́gìtá tó kàn án.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á yọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìsọ̀ onípákó ni. Ìka rẹ̀ ṣì wà lókè, kò tíì balẹ̀, nígbà tí nǹkan kùn nínú igi náà lẹ́ẹ̀mẹrin: re mí re re.

"Ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn?" ó bi onípákó.

"Kí ni n óò gbọ́? Ẹ ò kúkú tíì kàn án. Ẹ mú èyí tó wù yín jàre, òjò ń bọ̀."

Bó ṣe máa ń yan igi ojú gìtá nìyí: á fi ìka méjì di etí pákó mú, á jẹ́ kó rọ̀ dirodiro, á wá fi oríkèé ìka kàn án. Èyí tó bá dákẹ́, igi ìdáná ni. Èyí tó bá ń dún lọ bí ẹni tó ń ronú, ìyẹn ni á gbé lọ sílé, nítorí ojú gìtá ni ohùn wà. Ìyókù kò ju àpótí lọ.

Àmọ́ kò kan èyí rárá. Ó gbé e mọ́ àyà, ó sì ń lọ sílé nínú òjò, nítorí ó mọ ẹni tó ni ohùn náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni. Gbohùngbohùn ni ìnagijẹ rẹ̀, torí kò sí ohun tó máa dún nílé tí kò ní sín jẹ, títí kan ikọ́ bàbá rẹ̀ àti ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Àìsàn ọ̀fun ló pa á. Ohùn ló kọ́kọ́ lọ, kí ẹni tó ni ín tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ètè rẹ̀ kò lè gbé ọ̀rọ̀ mọ́. Imú ló fi ń kùn ún, re mí re re, re mí re re, tó tẹjú mọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá fún un lómi, ó yí ìrọ̀rí padà, ó ṣí fèrèsé. Kò sí èyí tí ọmọ ń bèèrè níbẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, àìmọ̀ ọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya bàbá rẹ̀ ní wèrè.

Nínú ìsọ̀ tirẹ̀, ó de pákó mọ́ tábìlì, ó dẹ etí sí i. Re mí re re. Ó kúkú jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Kí ni pákó tún fẹ́ bẹ ẹni tó mú ìfági dání, bí kò ṣe "Ẹ fá mi o"?

"Màá fá ọ, ọmọ mi," ó ní, omijé ti ń bọ́.

Ó fá a. Ohun tó ń fá kúrò ń ká jọ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Bí pákó ti ń fẹ́lẹ́ sí i ni ohùn ń mọ́ sí i. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé yàrá kejì ló wà, nígbà tó yá, bíi pé ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni. Ó gbọ́ èémí. Ó gbọ́ bí ọmọ ṣe ń fi ìnira gbé itọ́ mì.

Gbogbo agbẹ́gìtá ló mọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ dúró. Ojú gìtá tó bá fẹ́lẹ́ jù, okùn á fà á ya. Ọwọ́ tirẹ̀ kò dúró.

Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í là á kọjá ni ọ̀rọ̀ tó jáde ketekete.

"Ẹ jẹ́ n lọ."

Ìfági bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Re mí re re. Ohùn kan náà ni, kò yí padà rí. Etí bàbá ló fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i.

Ìyàwó rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ó ti ń sọ ọ́ láti orí ibùsùn," ó ní jẹ́jẹ́. "Mo gbọ́ ọ nígbà náà."

"O gbọ́ ọ, o ò sì sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pariwo 'má lọ o, má lọ o'? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Bàbá Gbohùngbohùn, wọ́n ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ. Èyí tó kú la ní. Ẹ dákun, ẹ má sọ ọ́ di èyí tó nù. Ẹ ṣẹ́ pákó yẹn."

Òtítọ́ ló sọ, ọkọ rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Pákó náà ti fẹ́lẹ́ débi pé àtàǹpàkò méjì ti tó láti ṣẹ́ ẹ. Ó tú u kúrò lára tábìlì, ó fi àtàǹpàkò tì í láàárín, ó rọra tẹ̀ ẹ́.

"Màá jẹ́ kí o lọ," ó ní. Ẹkún kò jẹ́ kó ríran. "Mo búra, màá jẹ́ kí o lọ. Ṣùgbọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan péré, kí n gbọ́ ohùn rẹ."

Ọmọ náà tún un sọ.

Bàbá rẹ̀ tẹ́tí títí ó fi parí. Àtàǹpàkò rẹ̀ sì kúrò lára pákó díẹ̀díẹ̀.

"Lẹ́ẹ̀kan sí i," ó ní.