Iṣẹ́ Ìwé Séidou

Ọjọ́ tí Séidou kọ́kọ́ fojú kan Moutiatou, inú òjò ni ọmọbìnrin náà dúró sí, kò sì sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ó ti tú ìbòrí rẹ̀, ó fi di ẹrù kan, ó sì gbá ẹrù náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Omi ń ṣàn láti inú irun rẹ̀ wá sí ọrùn. Bùbá funfun tó wọ̀ ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ níbi tí ẹrù náà ti kàn án.

Abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń ta epo inú ìgò, lójú ọ̀nà tó ti Odomèta lọ sí Kétu, ni Séidou sá òjò sí. Nígbà tó rí pupa yẹn, ẹ̀jẹ̀ ló pè é. Ó bọ́ sínú òjò láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ máa bọ̀ lábẹ́ ibí, tàńtí. Ṣé ẹ fara pa ni?"

"Mi ò fara pa. Òdòdó ni," ọmọbìnrin náà dáhùn bí wọ́n ti ń sáré wọ abẹ́ àtíbàbà. "Aró rẹ̀ ló ń ṣàn."

Ó tú etí ìbòrí náà wò. Okùn òdòdó ìwé ni, irú èyí tí wọ́n ń ta kọ́ sára ògiri nígbà ayẹyẹ, pupa àti yẹ́lò, wọ́n ká a jọ dáadáa. Apá kan ti tutù, ìyókù gbẹ. Séidou kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ibi tó ti wá fún un. Òun ló gé e, òun ló ká a, òun ló so ó mọ́ okùn.

"Kí ló dé tí ẹ ò fi ìbòrí yín bo orí?"

"Bí èmi bá tutù, màá gbẹ. Bí eléyìí bá tutù, ó parí nìyẹn. Àwọn ọmọ mi ń retí rẹ̀."

Ọkàn Séidou rẹ̀wẹ̀sì. "Ẹ ti bímọ?"

"Wọ́n kún yàrá kan." Ó rẹ́rìn-ín sí ojú tí ọkùnrin náà ṣe. "Mèètírẹ́ẹ̀sì ni mí, nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Kétu. Ìyá kan ló ṣe òdòdó yìí ní Odomèta. Ẹ wo bó ṣe ká etí rẹ̀. Ọwọ́ ìyá náà dára púpọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Ìyá mi ni," Séidou wí, ó sì ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ àpò, nítorí ìka rẹ̀ pọ́n ju bùbá ọmọbìnrin náà lọ.

Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn, ààbọ̀ rẹ̀ lòótọ́. Rùkáyátù ìyá rẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀ náà mọ̀ sí ìyá olódòdó, láti Adakplamè títí dé Kétu. Ṣùgbọ́n oríkèé ìka ìyá ti le, kò lè di àlùmọ́gàjí mú mọ́. Séidou, ọmọ tó kù sílé, ló gba iṣẹ́ náà ṣe, tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra kó tó mú ìwé kan sọ́wọ́. Ní Odomèta, ọkùnrin a kọ ebè, ọkùnrin a gbin àgbàdo, ọkùnrin a fi alùpùpù zémì kó èrò. Òdòdó ìwé, iṣẹ́ obìnrin àti ọmọdé ni. Séidou ní oko lóòótọ́, àmọ́ òdòdó ló ń bọ́ àwọn méjèèjì. Bí oníbàárà bá dé, ìyá ni yóò gbé e fún un, ìyá ni yóò sì gba ìyìn, orí rẹ̀ a máa wolẹ̀.

Kò pẹ́ tí Moutiatou fi wá sí Odomèta. Ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá.

"Ọwọ́ ń dùn mí lónìí, ọmọ mi," Rùkáyátù wí. Ó sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó tún wá, ó sì tún un sọ nígbà tó padà wá. Moutiatou kò bínú. Ó ń bá ìyá ṣa ẹ̀wà, ó ń bá a gbọ́n omi, bí oòrùn bá sì rọlẹ̀, Séidou a sìn ín dé etí títì. Àwọn aládùúgbò ti mọ̀ pé kì í ṣe òdòdó nìkan ló ń gbé mèètírẹ́ẹ̀sì wá.

"Fòfó," Moutiatou bi Séidou lọ́jọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ló ń pè é, bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. "Kí ló ń ṣe ọwọ́ yín? Inú àpò ló máa ń wà ṣáá."

"Òtútù ń mú un."

"Nínú oòrùn yìí?"

"Ọwọ́ nìkan ló ń mú."

"Ẹ mú un wá, kí n bá yín mú un gbóná."

Séidou rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò yọ ọwọ́. Ìfẹ́ obìnrin náà ti wọ̀ ọ́ lára, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Ojú ara rẹ̀ ń tì í ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ. Bó bá délé, a fi ọṣẹ dúdú àti iyanrìn fọ ìka rẹ̀ títí yóò fi máa ta á.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe gan-an?" Moutiatou tún bi í. "Bàbá mi máa bi mí. Oko nìkan kọ́, mo mọ̀. Ọwọ́ yín kò le tó ti olóko."

Ó ti pinnu láti sọ ọ́. Ó fi ìgboyà la ẹnu.

"Iṣẹ́ ìwé ni mò ń ṣe."

Ó dúró kó rẹ́rìn-ín. Ojú ọmọbìnrin náà ló mọ́lẹ̀ dípò ẹ̀rín. "Ẹ ò sì wí! Ní bíró? Àbí ní mẹ́ẹ̀rì, lọ́dọ̀ ìjọba?"

Orúkọ kan náà ni èdè wa fún ìwé tí akọ̀wé ń kọ àti ìwé tí Séidou ń gé. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó sọ. Kò sọ ọ́. Ẹ̀rín músẹ́ ló rín, ẹ̀rín yẹn ló sì kó o sí wàhálà.

Bàbá Mùsílíù, bàbá Moutiatou, ń ta àgbàdo nítòsí Àkábà, ẹnu bodè àtijọ́ tí Kétu fi ń yangàn. Kò wọ ilé ẹ̀kọ́ rí. Ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ Ọlọ́run fún ni àna tó mọ kálámù dì mú. Bó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìwé, ó ránṣẹ́ pe Séidou, ó sì kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ sí fàràńdà kí wọ́n lè bá a rí i.

"Wọ́n ní iṣẹ́ ìwé lò ń ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ gidigidi." Ó gbójú sókè sí okùn òdòdó tí ọmọ rẹ̀ gbé wá láti ilé ẹ̀kọ́, tó ta kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá rẹ ló ṣe èyí? Ó mọ́. Iṣẹ́ obìnrin tó mọ́ ni. Ẹ gbọ́, wọ́n ní ọkùnrin kan wà lọ́nà Pobè tó ń ṣe irú ẹ̀. Tòun ti irùngbọ̀n rẹ̀, ó jókòó, ó ń ká òdòdó."

Àwọn ọ̀rẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Séidou náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tirẹ̀ ló ga jù, ó sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ. Nígbà tó gbójú sókè, Moutiatou ló rí, tó gbé omi dání, tó ń wò ó.

Bó ti ń lọ sílé, bí ilẹ̀ bá lanu, ìbá wọnú rẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Wọ́n yìn yín, màmá."

Rùkáyátù wo ìka ara rẹ̀ tó ká kò. "Ìyìn tí kì í ṣe tèmi ti pọ̀ lọ́rùn mi, Séidou. Ó ń wúwo."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Séidou kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Ọ̀sán kan ni Moutiatou mú òróró tí wọ́n fi ń ra oríkèé wá fún ìyá. Kò bá ìyá lójúde. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó ṣí.

Séidou wà nílẹ̀, àwo ẹ̀kọ tó fi ń lẹ ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé tó ti gé kún itan rẹ̀. Okùn òdòdó wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí ọrùn ló fi ń wọn gígùn rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ìka rẹ̀ pọ́n títí dé ọrùn ọwọ́. Kò sí àpò tó lè ki ọwọ́ bọ̀.

"Ta ló ṣe ti ọjọ́ òjò yẹn?"

"Èmi ni."

"Iṣẹ́ ìwé." Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, bí ẹni ń tọ́ nǹkan wò. "Mo ti ń yìn ẹni tó ṣe é lójú rẹ láti ọjọ́ yẹn, o sì ń jẹ́ kí n máa yìn ín."

Séidou gbọ́ pé "ẹ" ti di "o". Ó dùn ún ju èébú lọ.

"Ojú ló ń tì mí, Moutiatou. Mo rò pé tí o bá mọ̀, o ò ní..."

"Òdòdó yìí kọ́ ló dùn mí. Mo tú ìbòrí mi lórí nítorí rẹ̀. Ẹ̀rín tí o rín nílé bàbá mi ló dùn mí. Ìwọ lo rẹ́rìn-ín jù níbẹ̀." Ó gbé òróró náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Òdòdó lo mọ̀ ọ́n ṣe, Séidou. Òdodo ni o ò mọ̀ ọ́n sọ."

Ó lọ. Séidou jókòó síbẹ̀ títí ẹ̀kọ fi gbẹ nínú àwo. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, ó bá a tó ń sunkún, okùn òdòdó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò bi í ní nǹkan kan. Ó lọ ṣí fèrèsé tí wọ́n ti tì pẹ́.

Lọ́jọ́ ọjà Kétu tó tẹ̀ lé e, nígbà tí èrò pọ̀, Séidou tẹ́ ẹní síwájú ìsọ̀ Bàbá Mùsílíù. Ó gbé àwo ẹ̀kọ kalẹ̀, ó kó ìwé sílẹ̀, ó mú àlùmọ́gàjí. Òdòdó àkọ́kọ́ ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó mú òmíràn. Àwọn ènìyàn ti ń dúró wò ó.

Bàbá Mùsílíù jáde. "Kí lo ń ṣe níwájú ìsọ̀ mi?"

Séidou dọ̀bálẹ̀, lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀. "Iṣẹ́ mi ni, bàbá. Iṣẹ́ ìwé tí mo sọ fún yín, òun nìyí. Mi ò ní bíró. Gbogbo òdòdó tó wà ní fàràńdà yín, èmi ni mo ṣe é. Ìka ìyá mi ti le, ó ti pẹ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàrin èrò. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ bàbá, tó wà ní fàràńdà lọ́jọ́sí, ṣàánú rẹ̀. "Ọmọ yìí gbìyànjú. Ó ń ṣiṣẹ́, ó fi ìyìn sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀."

Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn, ó sì fẹ̀. Séidou mi orí.

"Rárá o, bàbá. Ẹ má fi ìyẹn yìn mí. Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo sá pamọ́ sí. Iṣẹ́ yìí ń tì mí lójú. Ọjọ́ tí ẹ ń fi ọkùnrin ọ̀nà Pobè rẹ́rìn-ín, mo bá yín rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ èmi náà lẹ fi ń rẹ́rìn-ín tẹ́ ò mọ̀."

Bàbá Mùsílíù bẹ̀rẹ̀, ó mú òdòdó tó ya náà nílẹ̀.

"Ṣé ojú ń tì ọ́ báyìí?"

"Ó ń tì mí, bàbá."

"Ó yẹ kó tì ọ́." Ó fa fìlà rẹ̀ síwájú. "Ojú ń ti èmi náà. Mo ti sọ káàkiri Kétu pé akọ̀wé ló ń fẹ́ ọmọ mi. Tí mo bá ní òdòdó ló ń ká, wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín bí mo ti fi ọmọ ọlọ́mọ rẹ́rìn-ín. Tí mo bá sì lé ọ, màá máa rántí pé ọjọ́ tí o sọ òótọ́ fún mi ni mo lé ọ. Nínú ìtìjú méjèèjì, èyí tó kéré ni màá mú. Gbé ẹní rẹ bọ́ síbòòji, oòrùn yóò ba ìwé yẹn jẹ́." Ó yí padà. "Àmọ́ èmi kọ́ lò ń fẹ́. Bi ẹni tí ò ń fẹ́."

Moutiatou wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ìsọ̀ bàbá rẹ̀, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá jókòó sí etí ẹní, ó mú ìwé pupa kan.

"Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ká a, fòfó."

"Ẹ" ti padà. Séidou sún àwo ẹ̀kọ sọ́dọ̀ rẹ̀. "Yóò kùn ọ́ lọ́wọ́."

"Mo mọ̀. Ó ti kun bùbá mi rí."

Lẹ́yìn ìkórè àgbàdo ni wọ́n so yìgì wọn. Séidou fúnra rẹ̀ ló ṣe òdòdó tí wọ́n ta sókè àgbàlá, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé, "Ọmọ mi ló ń ṣe é."

Nígbà tí àwọn àfáà ṣe àdúà tán, ìyá arúgbó kan láti ilé ìyàwó tẹ̀ síwájú láti wo làálì tó wà lọ́wọ́ Moutiatou. Ojú rẹ̀ ṣèèṣì bọ́ sí ọwọ́ Séidou.

"Ta ló lé làálì fún ọkọ ìyàwó? Ayé mà ti yí padà o."

Ẹ̀rín sọ. Ọwọ́ Séidou ti ń lọ sí àpò fúnra rẹ̀, bó ti mọ̀ ọ́n lára. Moutiatou mú un lọ́nà, ó gbé e lé orúnkún ara rẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ tó ní làálì bò ó.

"Làálì kọ́, ìyá," Séidou wí. Ojú ṣì ń tì í díẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ga. "Aró ìwé ni. Èmi ni mo ṣe òdòdó tó wà lókè orí yín yẹn."

Ìyá arúgbó gbójú sókè, ó wò ó títí.

"Ìwọ?"

"Èmi ni."

"Ọmọ ọmọ mi fẹ́ ṣe ìkómọ," ìyá wí, ó sì wá àyè jókòó tì wọ́n. "Wàá wá ṣe é fún mi."