Àwọn Tó Ka Ìwé Òfìfo

Hajarat oníigbá, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, lórí bẹ́ńṣì kan náà tí àwa méjèèjì ń jókòó sí ní kíláàsì àwọn àgbà. Ó ní kí n bá òun kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí òun ṣì ń fa lẹ́tà bí ẹni ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà.

Haneefah ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ojú ń yún un, ó sì ń fọwọ́ ra á ní gbogbo ìgbà. Láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pààrọ̀ gíláàsì ojú rẹ̀. Iná ọ̀kadà kan ṣoṣo a di mẹ́rin lójú rẹ̀, gbogbo wọn a sì nírù. Dókítà Deborah, onímọ̀ nípa ojú, yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní keratokónọ́ọ̀sì ni.

"Ìyá Haneefah, ṣé iṣẹ́ igbá lẹ ń ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, dókítà."

"Awọ kan wà níwájú ẹyinjú tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ó yẹ kó rí róbótó bí ìdí igbá. Tọmọ yín ti fẹ́lẹ́, ó rọ̀ bí igbá tí kò gbó, ó wá ń yọ ṣóńṣó síwájú. Ọwọ́ tó fi ń ra á ń bà á jẹ́ sí i."

"Kí la ó wá ṣe?"

"Wọ́n á kán oògùn sí i, wọ́n á tan iná pàtàkì kan sí i kí awọ náà lè le. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣe é. Kì í sábà dá ojú padà sí ti tẹ́lẹ̀ o. Ibi tó bá a ló ń dá a dúró sí. Nítorí náà, ẹ má pẹ́."

Ṣùgbọ́n Hajarat pẹ́. Ẹnì kan júwe Ṣùbòmí fún un ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùbòmí ní ẹ̀wù funfun, ó ní tọ́ọ̀ṣì, ó ní ohùn jẹ́jẹ́ bíi ti ọ̀mọ̀wé. Ìwé nìkan ni kò ní.

"Iná kẹ̀?" ó ní. "Wọ́n fẹ́ dáná sun ojú ọmọ yín, ẹ sì fẹ́ fẹsẹ̀ yín mú un lọ?"

Bí owó Ìbàdàn ṣe bọ́ sápò Ṣùbòmí nìyẹn. Ó fún wọn ní ìgò oògùn kékeré kan.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ làwọn aláìsàn ń jókòó sórí bẹ́ńṣì gígùn kan, tí wọ́n kọjú sí pátákó lẹ́tà lára ògiri. Ṣùbòmí á fi ọ̀pá tọ́ka, ẹnì kan á kà á sókè, àwọn yòókù á máa gbọ́. Ẹni tó bá ṣì í, àwọn ará bẹ́ńṣì á sọ ọ́ fún un. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìlà méjì ni Haneefah rí. Lọ́sẹ̀ kẹfà, ó kà á dé ìsàlẹ̀.

"Ojú ti là," ni Ṣùbòmí wí. Gbogbo bẹ́ńṣì ní, "Àmín."

Lọ́jọ́ kejì, Haneefah tí ojú rẹ̀ ti là rán apá bùbá oníbàárà mọ́ ibi ọrùn. Ọ̀gá rẹ̀ gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní kíláàsì wa, Tíṣà Mátíù ní kí Hajarat ka ojú ewé kejìlá. Ó kà á wàràwàrà. Tíṣà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìwé. Hajarat ń kà á lọ.

"Kí lẹ ń kà báyìí, mà?"

"Ìwé ni."

"Ọwọ́ mi ni. Ẹ ti di háfíìsì ìwé yìí, mà, ẹ ti há a sórí. Ẹ ò tíì kà á."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Hajarat kò rín. Ó dìde, ó fi ìwé sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Nígbà tó délé, ó fi èédú kọ lẹ́tà gàdàgbà márùn-ún sára igbá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lo rí?"

Haneefah fún ojú pọ̀ títí. "Igbá," ó ní.

Nígbà tí Hajarat fi dé Under G, ṣọ́ọ̀bù Ṣùbòmí ti ṣófo. Shamsudeen, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ní àná ni Ṣùbòmí kó ẹrù. Hajarat gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, ó bá Sájẹ́ńtì Comfort.

"Dókítà sọ̀rọ̀, olè sọ̀rọ̀," ni Sájẹ́ńtì wí. "Ta lẹ gbà gbọ́?"

"Olè ni. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn."

Wọ́n wá a fún ọ̀sẹ̀ méjì. Níbì kan, bẹ́ńṣì ṣì gbóná nígbà tí wọ́n wọlé. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, wọ́n ń kọjá ní Ọjà Igbó, wọ́n gbóhùn láti yàrá òkè kan: "D, K, T, O, L."

Hajarat dúró. "Òun nìyẹn."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Èmi náà ti mọ pátákó rẹ̀ sórí."

Orúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni Dókítà Anas. Ṣùbòmí ti dá irùngbọ̀n sí.

"N ò mọ màmá yìí rí," ó ní.

Bàbá Sàídù, àgbàlagbà kan lórí bẹ́ńṣì, bínú. "Ẹ fi dókítà wa sílẹ̀. Òun ló la ojú mi."

Hajarat lọ síbi ògiri, ó yí pátákó padà, ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síta. "Bàbá, ẹ ṣàánú mi, ẹ kà á."

Bàbá tún fìlà dé. "D, K, T, O, L." Ó ka ìlà kejì. Ó ti ń mú ìkẹta.

"Bàbá," ni obìnrin kan tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá wí, "kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òfìfo ni."

Bàbá dìde, ó fọwọ́ pa pátákó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ṣùbòmí ti fò sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìdábùú ilẹ̀kùn kọ́ ẹ̀wù funfun náà lápò, Ṣùbòmí sì rọ̀ síbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Sájẹ́ńtì lọ ká a.

"Orúkọ?"

"Anas."

"Òmíràn?"

"Ṣùbòmí."

"Ilé ìwé wo lo ti kọ́ṣẹ́ dókítà?"

Ó tún kọ́là ẹ̀wù funfun rẹ̀ ṣe.

"Níbo lo ti rí pátákó?"

"Mo gbálẹ̀ rí fún ẹni tó ń ta gíláàsì."

"Kí ló wà nínú ìgò?"

"Omi iyọ̀ ni."

Bẹ́ńṣì mí kanlẹ̀. Bàbá Sàídù ní ká dúpẹ́ pé kì í ṣe ásíìdì.

Wọ́n rí èyí tó pọ̀ nínú owó náà gbà. Dókítà Deborah tún Haneefah yẹ̀ wò. Ojú òsì ti fẹ́lẹ́ ju ohun tí iná lè ràn lọ́wọ́; gíláàsì líle tí wọ́n ń fi sínú ojú ló kù fún un, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ awọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ojú ọ̀tún ṣì ṣeé dá dúró, bí wọ́n bá dé Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé.

Láàárọ̀ Ajé, wọ́n kọ́kọ́ yà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Sájẹ́ńtì gbé ìǹkì wá kí Hajarat tẹ àtàǹpàkò sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní rárá, òun fẹ́ kà á. Ó kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn dúró dè é, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀.

Ṣùbòmí dìde nínú àhámọ́. "Ìyá Haneefah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wojú mi."

Hajarat dúró. Abiyamọ ni.

"Ojú tèmi la fẹ́ lọ wò," ni Haneefah wí. Ó gbé báàgì, ó fọwọ́ tọ́ ara ògiri dé ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ síta lọ bá mọ́tò. Kò wẹ̀yìn.